Ẹnu ni wọ́n fi ń gba ìbọn! Bí wọ́n ṣe ń fi eré kọ́ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà láti bá ẹni tó mú èèyàn nígbèkùn sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ẹni tí òwe yìí kò bá tíì yé, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú Kennedy, ní New York, lọ́jọ́ 11, oṣù kejì, ọdún 1993.

Ọmọkùnrin Ethiopia kan, ẹni 20 ọdún péré, ló já bàálù Lufthansa gbà lójú òfurufú. Frankfurt ni bàálù náà ti gbéra, Cairo àti Addis Ababa ló ń lọ, àwọn èèyàn tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 100. Ọmọkùnrin yìí na ìbọn sí awakọ̀ bàálù, ó ní Amẹ́ríkà lòun fẹ́ lọ. Ta ni yóò bá ẹni tó mú ìbọn dání jiyàn? Wọ́n yà ra epo ní Hannover, wọ́n sọdá òkun ńlá, ó di New York.

Àwọn ọlọ́pàá tó gbé ìbọn ti wà ní sẹpẹ́ kí bàálù náà tó balẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ìbọn ló parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan tó ń jẹ́ Dominick Misino ló ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn ń rọ ọmọ tó ń bínú pé kó wá jẹun. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin náà gbà pé òun yóò fi ìbọn òun sílẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún un o: awò dúdú tí awakọ̀ bàálù ń lò sójú! Ó gba awò, ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ìbọn náà kò tiẹ̀ lè pa èèyàn, irú èyí tí wọ́n máa ń yìn kí àwọn eléré ìje tó sáré ni. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, àwa náà rí tiwa. Lọ́jọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 1993 kan náà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin já bàálù Nigeria Airways tó ń ti Èkó lọ sí Àbújá gbà, nítorí ìbò June 12 tí wọ́n fagi lé mọ́ Olóyè MKO Abíọ́lá lórí. Airbus A310 ni bàálù yẹn, irú kan náà pẹ̀lú ti Lufthansa. Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger, ni wọ́n balẹ̀ sí. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n tú àwọn èrò kan sílẹ̀, àmọ́ nígbẹ̀yìn, àwọn ẹ̀ṣọ́ Niger ya wọ inú bàálù náà lóru. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ bàálù kú.

A ò ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí wéra bí ẹní fi ọsàn wé ọsàn. Ẹnì kan ló wà nídìí ti New York, mẹ́rin ló wà nídìí ti Niamey, ohun tí wọ́n ń béèrè kò sì jọra. Ìbéèrè tiwa ni pé: níbo ni ọlọ́pàá ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi awò ojú gba ìbọn lọ́wọ́ èèyàn? Ìdáhùn rẹ̀ lè pa yín lẹ́rìn-ín. Eré ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Tíátà gidi, tó ní òṣèré, tó ní ariwo, tó ní ẹkún.

MUNICH LÓ LÀ WỌ́N LÓJÚ

Láyé àtijọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá mọ̀ tí ẹnì kan bá mú èèyàn há mọ́lé: kí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n yìnbọn. Lóṣù kẹsàn-án, ọdún 1971, àwọn ẹlẹ́wọ̀n gba ọgbà ẹ̀wọ̀n Attica ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n mú àwọn wọ́dà nígbèkùn. Nígbà tí ìjọba fi ìbọn gba ọgbà náà padà, èèyàn 39 ló tìdí ẹ̀ kú, mẹ́wàá nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wá yìnbọn, ìyẹn àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti Munich, ní Jámánì, níbi ìdíje Òlíńpíìkì. Àwọn agbébọn ẹgbẹ́ Black September wọ ibi tí àwọn eléré ìdárayá Ísírẹ́lì ń sùn, wọ́n pa méjì, wọ́n mú mẹ́sàn-án nígbèkùn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Jámánì fẹ́ gbà wọ́n sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú lóru, ọlọ́pàá márùn-ún péré ni wọ́n ní kó máa yìnbọn látọ̀ọ́kán, wọn ò kọ́ wọn níṣẹ́ yẹn dáadáa, kò sì sí rédíò tí wọ́n lè fi bára wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló kú, ọlọ́pàá kan náà bá a lọ.

Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá New York rí èyí, àyà wọn já. Wọ́n ní bó bá ṣe ìlú tiwa, tí Àjọ Àgbáyé fi ṣe ibùjókòó, ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́pàá méjì ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Harvey Schlossberg ni àkọ́kọ́, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó tún lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìrònú àti ìwà ẹ̀dá. Ìkejì ni Frank Bolz, tó wá di olórí ikọ̀ náà.

Wọn ò tíì parí ètò tí ọ̀ràn fi dé. Lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 1973, àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó gbé ìbọn wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Brooklyn tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ eré ìdárayá àti ìbọn. Wọ́n fẹ́ kó ìbọn ni. Ọlọ́pàá ká wọn mọ́bẹ̀, ni wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú àwọn oníbàárà. Wọ́n yìnbọn, ọlọ́pàá kan kú. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú èyí. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹni wà nílẹ̀, gbogbo ọlọ́pàá tó wà níta fẹ́ wọlé lọ gbẹ̀san. Àmọ́ wọ́n dá wọn dúró. Wákàtí 47 gbáko ni wọ́n fi dúró. Àwọn tí wọ́n mú nígbèkùn rí ọ̀nà àtẹ̀gùn kan gbà dé orí òrùlé, wọ́n sá mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn olè náà sì jáde wá fúnra wọn.

Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọlọ́pàá jọ láti kọ́ wọn níṣẹ́ yìí. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Schlossberg kọ́ wọn kò le: àkókò kì í ṣe ọ̀tá ọlọ́pàá. Ìbínú dà bí àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ni. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nísinsìnyí, yóò jó o. Ẹni tó bá dúró, yóò jẹ ẹ́. Títí dòní, ọ̀rọ̀ tí ikọ̀ náà fi ṣe àmì ara wọn ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: Bá mi sọ̀rọ̀.

BÍ ERÉ NÁÀ ṢE Ń LỌ

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. A ò sọ pé ọjọ́ báyìí ni èyí ṣẹlẹ̀ o, àmọ́ bí wọ́n ṣe máa ń tò ó nìyẹn.

Wọ́n á wá òṣèré kan. Ó lè jẹ́ òṣèré tíátà, ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ tíátà, ó sì lè jẹ́ ọlọ́pàá láti ìlú mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ ohùn rẹ̀. Wọ́n á fún un ní ìwé kan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: ìwọ ni Frank, ẹni 41 ọdún. Wọ́n lé ọ níṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyàwó rẹ ti kó ẹrù lọ sílé ìyá rẹ̀. O ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ àti àbúrò ìyàwó rẹ, ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá pàṣẹ fún ọ, pariwo. Tí ẹnikẹ́ni bá pa irọ́ fún ọ, já tẹlifóònù mọ́ ọn létí. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọmọ rẹ obìnrin, tó sì dákẹ́ láti gbọ́, rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ò ní rí ìwé yẹn. Yàrá kékeré ni wọ́n á tì í sí, pẹ̀lú tẹlifóònù. Ẹnì kan á jókòó tì í, òun ni yóò máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí yóò sì máa kọ ìmọ̀ràn sórí bébà pélébé sún un sí i: “Dákẹ́.” “Ó dárúkọ ìyá rẹ̀, padà síbẹ̀.” Ẹnì kan á máa kọ ohun tí wọ́n ti mọ̀ sára ògiri: orúkọ, irú ìbọn, oògùn tó ń lò, ohun tó bèèrè, ohun tí wọ́n ṣèlérí. Ẹnì kẹta ni olórí ikọ̀, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ọ̀gá àgbà. Tẹlifóònù á dún, eré á bẹ̀rẹ̀.

“Orúkọ mi ni Mike, ọlọ́pàá ni mí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àlàáfíà ni gbogbo yín wà níbẹ̀.”

“Kí ló kàn ẹ́ ńbẹ̀? Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!”

“Ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀.”

“Kí n fara balẹ̀? Ṣé ìwọ ni wọ́n lé níbi iṣẹ́?”

Gbàgà! Ó ti já a. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá jókòó síbẹ̀, tẹlifóònù á máa dún ùn ùn ùn létí ẹ̀, òógùn á máa bọ́ lára rẹ̀, yóò sì máa rò ó pé bóyá ìbọn ni yóò dún tẹ̀ lé e. Olùkọ́ ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ta ló fara balẹ̀ rí nítorí pé ẹnì kan ní kó fara balẹ̀?

Yóò tún pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, yóò ní: “Ó jọ pé inú ń bí yín gidi gan-an, ó sì dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ tiyín.” Lẹ́yìn náà, yóò dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló le jù. Ẹnu á máa yún un. Ẹni tó jókòó tì í á gbé bébà sókè: “Dákẹ́.” Òṣèré náà á mí kanlẹ̀, á wá ní: “Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ fún wọn.” Ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀ nìyẹn.

Àwọn olùkọ́ ò ní jẹ́ kó rọrùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn bọ̀, ẹnì kan á wọlé bí ọ̀gá ọlọ́pàá, á ní ọkọ̀ ti dí gbogbo títì, kí wọ́n parí ẹ̀ kíákíá. Ẹlòmíì á ṣe bí ẹ̀gbọ́n Frank, á ní kí wọ́n gbé tẹlifóònù fún òun, òun mọ ohun tóun máa sọ fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé e fún un, ó ti gbá góòlù wọlé ara rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yẹn gan-an ló fa wàhálà. Frank á bèèrè oúnjẹ. Wọn kì í kàn gbé e fún un lásán, wọ́n á kọ́kọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Frank á tún ní bí aago márùn-ún bá lù tí òun ò rí mọ́tò, òun yóò ṣe ohun tóun fẹ́ ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n ò ní dárúkọ aago márùn-ún mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ni yóò máa bá a sọ. Aago márùn-ún á lù, á kọjá lọ, ẹnikẹ́ni ò ní rántí ẹ̀.

Wọ́n tún máa ń pààrọ̀ ipò. Ọlọ́pàá tó dúnàádúrà láàárọ̀ lè di ẹni tí wọ́n mú nígbèkùn lọ́sàn-án. Ilẹ̀ ni yóò jókòó sí, pẹ̀lú ẹni tó ń na ìbọn eré sí i lórí. Ìgbà yẹn ni yóò tó mọ bí wákàtí kan ṣe gùn tó.

Bí eré bá parí, wọ́n á tẹ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, gbogbo kíláàsì á sì máa gbọ́ ọ. Ibí lo ti já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibí ló fẹ́ sọ ohun tó ń dùn ún, ìwọ lo yí ọ̀rọ̀ padà. Ìtìjú wà níbẹ̀, àmọ́ ìtìjú inú kíláàsì kò pa èèyàn.

ETÍ NIṢẸ́ NÁÀ, KÌ Í ṢE ẸNU

Àwọn FBI fi iṣẹ́ yìí wé àtẹ̀gùn onípele márùn-ún. Ìpele kìn-ín-ní ni kéèyàn tẹ́tí gidi. Ìkejì ni kéèyàn jẹ́ kó hàn pé ohun tó ń ṣe onítọ̀hún yé òun. Ìkẹta ni kí onítọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn tán an. Ìkẹrin ni kó gba ìmọ̀ràn. Ìkarùn-ún ni kó yí ohun tó fẹ́ ṣe padà. Wàhálà ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ìpele kẹrin ni wọ́n fẹ́ fò sí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa náà ń ṣe é nílé. Ọmọ ò tíì sọ ohun tó ń ṣe é tán, a ti ń gbà á níyànjú.

Wọ́n tún ń kọ́ wọn pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń pàṣẹ. Èyí lọ́gbọ́n nínú gan-an. Tí wọ́n bá ní kó gbé mọ́tò wá, ó lè dáhùn pé: “Ẹ jẹ́ kí n bi àwọn ọ̀gá mi.” Kò purọ́, ó sì ti rí àkókò. Wọ́n ń kọ́ wọn pé kí wọ́n bi èèyàn ní gbangba bóyá ó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀, àwọn ló fi sí i lọ́kàn. Àwọn olùkọ́ ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ara máa ń tu onítọ̀hún pé ẹnì kan ti bá òun sọ ọ́.

Ẹlòmíì lè ní, ṣebí gbogbo èyí wà nínú ìwé, kí ni wọ́n ń fi eré dààmú ara wọn sí? Ìdí ni pé bí ẹ̀rù bá dé, ìwé a máa fò lọ. Ẹnu á gbẹ, ọwọ́ á máa gbọ̀n, etí á di. Ohun tó bá ti mọ́ èèyàn lára nìkan ni yóò ṣe. Ohun tó sì mọ́ ọlọ́pàá lára ni “Ju ìbọn sílẹ̀! Dojú bolẹ̀!” Ọdún gbọọrọ ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ. Kí ó tó lè fi sùúrù rọ́pò ẹ̀, àfi kó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, kó ṣe é títí yóò fi di bárakú.

ÌLÚ TÍ KÒ SÍ ONÍLÉ

Ní Quantico, ìpínlẹ̀ Virginia, níbi ilé ẹ̀kọ́ FBI, ìlú kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Hogan’s Alley. Báńkì wà níbẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ wà níbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ilé sinimá náà ò gbẹ́yìn. Àmọ́ ìlú náà ò ní onílé. Ọdún 1987 ni wọ́n ṣí i, àwọn tó ń ṣètò ojú eré fún sinimá Hollywood bá wọn dá sí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Òṣèré tí wọ́n ń sanwó fún ni olè ibẹ̀, òṣèré náà ni oníbàárà tó ń ké “Ẹ gbà mí o!” Kò sí báńkì tí wọ́n ń jà lólè tó báńkì Hogan, síbẹ̀ kò pàdánù kọ́bọ̀ rí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọṣẹ́ FBI tuntun ti ń ṣe àṣìṣe wọn àkọ́kọ́.

Nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ni FBI ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ máa dúnàádúrà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀kọ́ náà, eré àṣedánrawò ló sì gba apá tó pọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ kan gbé èsì ìwádìí jáde lórí àwọn tó lọ síbẹ̀. Wọ́n fi eré dán wọn wò kí wọ́n tó wọlé, wọ́n tún dán wọn wò nígbà tí wọ́n ń jáde. Wọ́n rí i pé àwọn èèyàn náà ń tẹ́tí sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn ò sì kánjú yanjú ìṣòro oníṣòro bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

Lóòótọ́, eré ò lè dà bí òkodoro. Òṣèré mọ̀ pé òun máa padà sílé lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń ṣe tiwọn lóru, nínú òtútù, fún wákàtí púpọ̀, kó lè rẹ ara, kí ọ̀rọ̀ sì súni. Ẹni tó bá ṣì lè ní sùúrù nígbà tí oorun ń kùn ún, òun ni wọ́n ń wá.

ÌYÁ LÓ PE ỌLỌ́PÀÁ

Ẹ má rò pé àwọn ajábàálùgbà àti olè báńkì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọ̀daràn paraku. Ẹni tí ayé sú ni. Ẹni tó dúró sétí afárá. Ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń bá fà á, tó wọ yàrá, tó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́dún 1987, ní Memphis, ìpínlẹ̀ Tennessee, irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní àìsàn ọpọlọ mú ọ̀bẹ, ó ń fi gún ara rẹ̀. Wọ́n pe ọlọ́pàá láti ilé rẹ̀ pé kí wọ́n wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n pàṣẹ fún un pé kó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò jù ú sílẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa á. Ẹ rò ó wò, ìyá pe ọlọ́pàá pé kí wọ́n wá gba ọmọ òun lọ́wọ́ ara rẹ̀, òkú ọmọ ni wọ́n gbé fún un.

Ìlú náà gbaná jẹ. Ní 1988, àwọn ọlọ́pàá Memphis, àwọn ẹbí tó ní aláìsàn ọpọlọ nílé, àti àwọn olùkọ́ yunifásítì jókòó pọ̀, wọ́n dá ikọ̀ kan sílẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́pàá tó ń yí ìlú ká lójoojúmọ́. Wákàtí 40 ni ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n máa ń kó wọn lọ bá àwọn tó ní àìsàn náà, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣe eré: òṣèré á máa bá ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́ sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá á sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró lókèèrè, bí wọ́n ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ara ẹni. Ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà ló ti wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn.

WACO: ÀWỌN Ọ̀GÁ NÁÀ NÍ LÁTI KỌ́ Ọ

Tí a bá dúró síbí, yóò dà bí ẹni pé ẹni tó bá ti kọ́ eré yìí kò lè kùnà mọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọdún 1993 kan náà tí awò ojú gba ìbọn ní New York ni ti Waco, ní Texas, ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ 28, oṣù kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọ sí ibùdó ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Branch Davidian tí David Koresh ń darí, wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ ibẹ̀ wò nítorí ìbọn. Ìbọn dún, òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́rin kú, àwọn kan kú nínú ilé náà. FBI gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì yí ilé ká fún ọjọ́ 51. Gary Noesner ló darí àwọn tó ń dúnàádúrà níbẹ̀rẹ̀, sùúrù tí wọ́n ní sì so èso: èèyàn 35 ló jáde láàyè lásìkò ìdúnàádúrà yẹn, àwọn ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ibo wá ni ó ti bàjẹ́? Ọwọ́ ọ̀tún ń kọ́lé, ọwọ́ òsì ń wó o. Bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bá ti rí èèyàn mú jáde, kàkà kí àwọn oníbọn dúpẹ́, wọ́n á já iná ilé náà, wọ́n á fi ọkọ̀ ogun fọ́ mọ́tò tó wà níwájú ilé, wọ́n á fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo lóru kí àwọn tó wà nínú lé má sùn. Ta ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣèlérí lórí tẹlifóònù gbọ́? Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹrin, wọ́n fi ọkọ̀ ogun ti gáàsì tajútajú wọlé, iná sọ, èèyàn 76 kú síbẹ̀. Noesner fúnra rẹ̀ kọ ìwé lórí ẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì sọ bó ṣe dùn ún tó.

Ohun tí ó hàn sí gbogbo ayé ni pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ mọ iṣẹ́ wọn, àwọn oníbọn mọ tiwọn, àmọ́ wọn ò jọ ń fa okùn kan náà, àwọn ọ̀gá tó wà lókè wọn ò sì fi wọ́n sójú ọ̀nà kan. Ní 1994, FBI kó àwọn méjèèjì sábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, kí wọ́n lè jọ máa ṣe ìdánrawò pọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Freemen di ìhámọ́ra sínú oko kan ní Montana lọ́dún 1996, ọjọ́ 81 ni FBI fi bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé wọ́n ti di ojo. Ìbọn kan ò dún. Gbogbo wọn jáde wá fúnra wọn, ilé ẹjọ́ ló gba ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe eré yìí dáadáa, ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀gá tó ń kánjú, tó ń bojú wo aago, tí àwọn oníròyìn àti olóṣèlú ń fóònù sí, òun gan-an ni wọ́n ń dán wò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ̀rọ̀ bí oyin, tí ọ̀gá bá fọ́ ilẹ̀kùn, Frank ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn yìí nínú mọ́tò tàbí níbi iṣẹ́ lè má dá ìbọn gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé yín. Àmọ́ ẹ lè rí aládùúgbò tó dúró sórí afárá, ẹ sì lè ní àbúrò tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ tó ń sunkún. Ẹ má pariwo “fò, ká rí ọ,” ẹ má sì sáré wàásù fún un. Ẹ sọ orúkọ yín fún un. Ẹ bi í ní ohun tó ń ṣe é, kí ẹ sì dákẹ́ kó dáhùn. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ ti lè máa dán an wò lára àwọn ọmọ yín nílé.

Èèyàn tó lé ní 100 ló fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù tó balẹ̀ ní Kennedy lọ́jọ́ yẹn. Awò ojú kan péré ni wọ́n fi ra ẹ̀mí gbogbo wọn.